Ọ̀wẹ̀ Tí Dàmọ́lá Dá Ṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú rere kì í ṣe èèyàn níbi, ẹ ní kó lọ bi Olúwadàmọ́lá ọmọ Ìkìrun. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Dàmọ́lá ò níwà burúkú. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ló ń ṣe nítòsí gáréèjì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a fínra: ojú máa ń tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ṣi iṣẹ́ ṣe, kò ní ṣe bí ọkùnrin kó ní “ẹ má bínú, mo ṣì í ṣe.” Á rọra tún un ṣe níkọ̀kọ̀, á sì dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Morákinyọ̀, ló fi ẹnu dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Dàmọ́lá fẹ́ fẹ́ Motọ́láyọ̀, tíṣà kan ní Inísà, ìdána sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ni bàbá bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn èèyàn.

“Ìwọ náà fẹ́ gbéyàwó? Nígbà tiwa, ọ̀wẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ fún àna. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di Eko Ende, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìgbà tí bàbá ìyá rẹ máa fi jí, ebè ti tò lọ rẹrẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí lẹ ń gbé fún àna? Dátà!”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dàmọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Bàbá Motọ́láyọ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Àrínọlá, tí gbogbo Inísà ń pè ní Ìyá Motọ́láyọ̀, ló ń dá oko ṣe. Dàmọ́lá sì ti rí oko yẹn rí lẹ́ẹ̀kan, láti orí ọ̀kadà, nígbà tí Motọ́láyọ̀ nawọ́ sí i fún un. Igi ọsàn wà níbẹ̀, igi obì wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ìdí àwọn igi náà ló bà á nínú jẹ́. Ewé ṣá ni, ewé tó ń rákò kiri, tó bo gbogbo ilẹ̀ débi pé èèyàn ò rí erùpẹ̀ tó tó ẹ̀kún ọwọ́. Lójú ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ìkìrun, oko tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni oko. Èyí tí ewé bò mọ́lẹ̀ báyìí, àfi kó jẹ́ ti ọ̀lẹ tàbí ti ẹni tí agbára ti tán nínú rẹ̀. Àánú ìyá náà ṣe Dàmọ́lá gan-an.

Òun náà á bẹ ọ̀wẹ̀! Ṣùgbọ́n àwọn wo ló fẹ́ bẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gẹrun, ìkejì ń ta fóònù, ìkẹta ń wa kòròpe. Ta ló ní ọkọ́ nínú wọn? Ó ra oògùn koríko, irú tó máa ń jó ewé kíákíá, ó yá táǹkì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó ti wà nínú oko àna rẹ̀ ní Inísà. Ó fín in láti ìdí ọsàn dé ìdí obì, ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká, kò dá ewé kan sí. Ó ṣọ́ra kí oògùn má kan igi kankan. Iṣẹ́ tó mọ́ ló rò pé òun ṣe. Ó ju ike oògùn sínú igbó, ó fi táǹkì pa mọ́ síbẹ̀, ó wẹ̀ lódò, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ jókòó sí gáréèjì Inísà títí àsìkò àtiwọlé àna fi tó. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti ń ro bó ṣe máa sọ ọ́ fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ, bí Màmá á ṣe máa súre fún òun, bí ìròyìn náà á ṣe dé etí bàbá òun.

Nígbà tó dé ọ̀hún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá gbá a lẹ́yìn pẹ̀pẹ̀.

“Àna mi, dìde, dìde. Ṣé dáadáa lo jí? Motọ́láyọ̀, gbé oúnjẹ ọkọ rẹ wá, jàre.”

Ọ̀fìnkìn ti dí Màmá nímú, ohùn wọn sì ti ha. Motọ́láyọ̀ gbé iyán jáde, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tì í. Dàmọ́lá fọwọ́, ó gé òkèlè, ó ń nawọ́ sí ọbẹ̀.

“Jẹ ẹ́ dáadáa,” ni Màmá wí. “Ewé oko mi nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já a láàárọ̀ yìí ni, ìrì ò tíì gbẹ lára rẹ̀ nígbà tí mo já a.”

Ọwọ́ Dàmọ́lá dúró lójú ọbẹ̀.

“Oko wo, Mà?”

“Mélòó ni mo ní? Oko etí ọ̀nà náà ni.”

“Mo rò pé... ewé tó wà nílẹ̀ yẹn, mo rò pé koríko ni, Mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n lẹ́nu. “Ìwọ náà! Bí gbogbo Inísà ṣe ń wí nìyẹn. Wọ́n ní opó ti ya wèrè, ó ń gbin koríko. Wá gbọ́ o: èyí tó wà lábẹ́ igi obì, wọ̀rọ̀wọ́ ni, kò fẹ́ oòrùn, ibòòji ni tiẹ̀. Ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀, mo da ìtàkùn kúkúndùnkún bò ó, ewé rẹ̀ dùn ju ẹ̀fọ́ mìíràn lọ. Gbúre ń hù láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pápásan ló wà létí ọ̀nà. Ilẹ̀ tó bá wà ní ìhòòhò, oòrùn á jó o, àgbàrá á kó o lọ. Èmi wọṣọ fún tèmi, mo sì ń jẹ nínú aṣọ náà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, mi ò gbé ọkọ́ dé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀mùnú, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ni mo ń já. Ìtàkùn tí mo bá gé, mo tún ń kì í bọ ilẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, nígbà tí ilẹ̀ gbogbo èèyàn là, ilẹ̀ tèmi tutù minimini.”

Ara Dàmọ́lá ti tutù ju ilẹ̀ náà lọ.

“Màmá, ẹ ò... ẹ ò gbọ́ òórùn kankan lára ewé náà?”

“Òórùn kẹ̀? Pẹ̀lú imú wo? Bí ọ̀fìnkìn yìí ṣe ṣe mí, bí ilé bá ń jó, àfi kí ẹ wá sọ fún mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Gbólóhùn kan ni. “Ẹ má bínú, Mà, mo ti fín oògùn síbẹ̀.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Wọn ì bá bú u, Motọ́láyọ̀ ì bá sunkún, wọn ì bá da ọbẹ̀ nù. Ẹnu Dàmọ́lá là, ó sì tún pa dé. Ó wo Motọ́láyọ̀ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó ro ìdána tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ro bí wọ́n á ṣe máa pè é ní àna tó pa oko àna run. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Dàmọ́lá ò bi ara rẹ̀ léèrè.

Ó ju òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dárí jì mí. Mo wà nínú ààwẹ̀. Ààwẹ̀ ìjọ wa ni. Mo ti fẹ́ gbàgbé.”

Ẹ wá wo ojú Màmá! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ọ̀fìnkìn sàn. “Motọ́láyọ̀! O rí ọkọ tó ò ń fẹ́? Ọmọ Ọlọ́run! Bá mi bo oúnjẹ yẹn.” Motọ́láyọ̀ bò ó. Dàmọ́lá mí kanlẹ̀. Ó lérò pé òun á wá ọgbọ́n kan dá, òun á rí i pé wọ́n da oúnjẹ náà nù láìsọ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni Màmá tún sọ̀rọ̀. “Ó mà dára tó jẹ́ pé mo ti fi èyí tó kù ránṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀ kan kún dẹ́nu, mo gbé e fún onímọ́tò tó ń lọ sí Òkukù. Ìkórè àwọn ọmọdé ni lónìí ní ìjọ wa níbẹ̀. Ìyá Keziah, olórí àwọn tó ń dáná, fẹ́ se àsáró ẹlẹ́fọ̀ọ́ fún wọn.”

Àwọn ọmọdé. Dàmọ́lá dìde láìmọ ìgbà tó dìde.

“Mà, mo... mo gbàgbé nǹkan kan sí gáréèjì. Mò ń bọ̀.”

Motọ́láyọ̀ sáré tẹ̀ lé e dé ìta. “Dàmọ́lá, kí ló dé? Wo òógùn lójú rẹ.”

“Kò sí nǹkan.”

“Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá o. Oúnjẹ mi yẹn, bá mi tọ́jú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun ni màá fi ṣínu.”

Motọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀jẹun ni. Ọlọ́gbọ́n èèyàn! Dàmọ́lá rò pé òun ti fi ọ̀rọ̀ yẹn dáàbò bo ilé.

Ọ̀kadà tó gùn ló kọ́kọ́ fẹ́ pa á. Ẹni tó ń wà á ń rọra lọ bí ẹni ń gbé ẹyin. Kí wọ́n tó jáde ní Inísà, ó yà ra epo. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà Òkukù, màálù bo títì, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ni ọjọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀nà kọjá!” ni Dàmọ́lá ń pariwo.

“Ọ̀gá, ṣé ìyàwó yín ń rọbí ni?” Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ẹni bá màálù jà, ilé ìwòsàn ló ń lọ.”

Dàmọ́lá fa fóònù yọ. Kò ní nọ́ńbà Ìyá Keziah, ṣùgbọ́n Motọ́láyọ̀ ní in. Orúkọ Motọ́láyọ̀ ló wà lókè pátápátá lójú fóònù náà, kó tẹ̀ ẹ́ báyìí ni. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Bó bá pè, á ní kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe. Bó bá béèrè, òótọ́ á jáde. Ó ti fóònù bọ àpò. Ọmọ yìí! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Oògùn wà ní Òkukù, oògùn wà ní Inísà, òun sì ń fi ìtìjú ṣe ẹrù gbé láàárín méjèèjì.

Kó tó dé ilé ìjọ náà ló ti ń gbọ́ orin àwọn ọmọdé. Wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, kálukú gbé àwo rẹ̀ dání, ọmọ tí kò ju ìgbà tí eyín iwájú ń ká lọ ló pọ̀ jù. Dàmọ́lá sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ rí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀fọ́ kì í wọ àsáró àfi tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀. Ìyá Keziah, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan, ti bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ tọ́ ọ wò.

“Ẹ má tọ́ ọ wò!”

Ìyá Keziah ta gìrì, àsáró ọwọ́ wọn dànù. “Ta nìyí? Kí ló dé?”

“Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́, Mà.”

“Nítorí kí ni?”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ẹnì kan láàárín wọn ní, “Ǹjẹ́ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fẹ́ Motọ́láyọ̀ nìyí?” Bí Dàmọ́lá ṣe gbọ́ ìyẹn, irọ́ mìíràn yọ sí i lẹ́nu. Ìjọ Aládùúrà ló wà. Ó mọ ohun tí wọn kì í fi ṣeré níbẹ̀.

“Ìran ni mo rí, Mà. Mo rí i pé oúnjẹ yìí léwu.”

Ìyá Keziah ò jiyàn rárá. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin kúnlẹ̀ yí ìkòkò ká. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, ẹnì kan sáré gbé omi ìyàsímímọ́ wá, wọ́n wọ́n ọn sí ìkòkò, wọ́n wọ́n ọn sí àwọn ọmọ lórí. Dàmọ́lá ń retí kí wọ́n da àsáró nù. Ìyá Keziah dìde, wọ́n gbọn yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún.

“Ọlọ́run ṣeun tó fi hàn wá. Ó ti fò ó dá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ síwájú.”

Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ tó gbà pé á gba òun là ti sọ oúnjẹ di mímọ́. Wọ́n ti bu ṣíbí àkọ́kọ́ sínú àwo ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ti ń fẹ́ ẹ kó tutù. Dàmọ́lá fò síwájú, ó gbá àwo náà dànù lọ́wọ́ ọmọ, ó fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò. Àsáró dà sílẹ̀ gbàà, eérú gbòde, iná kú. Ariwo ta. Àwọn ọkùnrin ìjọ ti di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ìgbátí ti ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì.

“Oògùn ni!” ló ń ké. “Kì í ṣe ìran! Irọ́ ni mo pa! Oògùn koríko ló wà lára ewé yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fín in!”

Wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyá Keziah pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n la ẹnu wọn wò, wọ́n gbọ́ òórùn ọwọ́ wọn. Kò sí ẹni tó tíì jẹ. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá yíjú sí Dàmọ́lá.

“Ìyá Motọ́láyọ̀ ńkọ́? Wọ́n ti mọ̀?”

“Wọn ò tíì mọ̀, Mà.”

“O kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó já ewé yìí, o ò sọ fún un?” Ìyá Keziah ti ń tẹ fóònù tiwọn. Wọ́n nà án sí i. “Gbà. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.”

Motọ́láyọ̀ ló gbé e, Dàmọ́lá pe orúkọ rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìró ọmọ odó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni.

“Dàmọ́lá? Fóònù Ìyá Keziah lo fi ń pè? Kí lò ń wá ní Òkukù? Tètè máa bọ̀, mò ń gún iyán tuntun fún ọ.”

“Tuntun kẹ̀? Èyí tẹ́ ẹ bò ńkọ́?”

“Ṣé iyán tútù la ó fún àna fi ṣínu? Màmá ní a ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Màmá nìkan ló jẹ ìyẹn kó má ṣòfò. Wọ́n tiẹ̀ ní ọbẹ̀ náà ń ta wọ́n lọ́fun díẹ̀, mo ní ata ló pọ̀.”

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Dàmọ́lá sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀wẹ̀ títí dé orí ààwẹ̀ tí kò gbà. Ó gbọ́ tí fóònù já bọ́ sílẹ̀, ó gbọ́ tí Motọ́láyọ̀ ń ké pe ìyá rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun ni wọ́n gbé Màmá lọ. Dókítà fẹ́ mọ oògùn tó jẹ́. Dàmọ́lá lọ tú igbó Inísà, ó gbé ike rẹ̀ wá. Dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ó dára tí ẹ tètè gbé wọn dé. Ṣùgbọ́n èyí kì í fi gbogbo ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kan. Títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á fi parí, n kò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín.”

Motọ́láyọ̀ dúró ti bẹ́ẹ̀dì, kò wo ibi tí Dàmọ́lá wà. Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Màmá rọra gbé ọwọ́, wọ́n pè é kó sún mọ́ wọn. Ọ̀fun wọn ti wú, ọ̀rọ̀ ń jáde tagbára-tagbára.

“Apá ibo lo fín?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, Mà.”

“Ìrọ̀lẹ́... ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń yà já ewé. N kì í lé wọn. Lọ dúró síbẹ̀.”

“Màá pe ẹnì kan, Mà, kó lọ bá wa...”

“Ìwọ,” ni Màmá wí. Wọ́n di ojú.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé oko. Ewé kúkúndùnkún ti ń ká kò, gbúre ti rọ, wọ̀rọ̀wọ́ abẹ́ obì nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Obìnrin kan yọ, ó gbé abọ́ dání. Dàmọ́lá sọ fún un. Obìnrin náà ṣépè, ó pẹ̀yìn dà. Òmíràn dé, ó tún sọ ọ́. Ìyẹn ò ṣépè, ó kàn wò ó láti òkè délẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló tẹ̀ lé e, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò dúró gbọ́ nǹkan kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ obì. Dàmọ́lá sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ má já a, Mà. Oògùn wà lára ẹ̀. Èmi ni mo fín in.”

“Ìgbà wo?”

“Láàárọ̀, Mà.”

“Ẹni tó ni oko ńkọ́?”

“Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti jẹ ẹ́.”

Ìyá arúgbó náà na ẹ̀yìn. “O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́?”

“Mo wà níbẹ̀, Mà.”

“O ò sọ fún wọn?”

Dàmọ́lá ò lè parọ́ mọ́. “Ojú ń tì mí ni, Mà.”

“Ojú ń tì ọ́.” Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń wádìí bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Ó ju ewé méjì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó lọ.

Lókèèrè, níbi tí ọ̀nà ti yà wọ oko, obìnrin mìíràn tún ń bọ̀. Dàmọ́lá ò dúró kó dé. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó kígbe tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nínú kòròpe tó ń kọjá yọrí wò ó.

“Ẹ má já a o! Èmi ni mo fín oògùn sí i! Èmi Olúwadàmọ́lá, ọmọ Morákinyọ̀, ará Ìkìrun, èmi ni!”